NFL+ Premium: ẹ̀yin tọ́mọ yín wà níwájú dífẹ́ǹsì, torí All-22 ni kẹ́ ẹ ṣe sanwó

Tó bá jẹ́ touchdown nìkan lẹ fẹ́ máa wò, kẹ́ ẹ ṣáà rí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sá wọlé, ẹ má wulẹ̀ san owó NFL+ Premium yìí, áápù tí NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, fi ń fi géèmù wọn hàn, YouTube á fún yín ní highlight lọ́fẹ̀ẹ́ kílẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tó mọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ga tó sì tóbi, tí àwọn kóòṣì ti fà sí iwájú dífẹ́ǹsì (àwọn tó ń dènà) nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ sì fẹ́ mọ nǹkan tí wọ́n ń wá lára ẹ̀ gan-an, ẹ san án. Mo ti ń lò ó tipẹ́, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò síbòmíì tí mo ti rí iṣẹ́ àwọn ará láìnì, àwọn tó tò síwájú tí wọ́n ń ti ara wọn, kedere tó báyìí. Àwa Nàìjíríà pọ̀ ní Houston níbí, àwọn ọmọ wa kún orí láìnì ní high school lọ́tùn-ún lósì, àwọn òbí á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lálẹ́ Friday, wọ́n á máa pariwo orúkọ ọmọ wọn, àmọ́ wọn ò mọ̀ bóyá ó ń ṣe dáadáa àbí kò ṣe dáadáa, torí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé iṣẹ́ ibẹ̀ fún wọn rí. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

NFL fúnra wọn ló gbé NFL+ jáde ní 2022, Amẹ́ríkà níbí ló wà fún. Oríṣi méjì ni. Èyí tó kéré ò ní All-22, fíìmù tí mo fẹ́ ṣàlàyé, nínú o, ẹ má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú ẹ̀ fà yín lójú tó bá jẹ́ torí láìnì lẹ ṣe ń wá a. Premium ló ní in, $14.99 lóṣù ni wọ́n gbé e sí ní 2023, wọ́n sì fi RedZone, ìkànnì tó ń fi touchdown oríṣiríṣi géèmù hàn, kún un lọ́dún yẹn náà. Ẹ yẹ iye tó wà lórí áápù wò kẹ́ ẹ tó fi káàdì yín sí i, torí owó nǹkan báyìí kì í dúró lójú kan. Ẹ máa rí géèmù wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbá a tán, lódindi tàbí èyí tí wọ́n ti gé gbogbo ìdúródúró kúrò nínú ẹ̀. Ìyẹn dáa, mi ò ní kí n pẹ́ lórí ẹ̀.

All-22 ni fíìmù tí àwọn kóòṣì máa ń wò. Gbogbo àwọn 22 tó wà lórí pápá ló hàn nínú ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀ lé ní tiẹ̀, tí quarterback bá ti ju bọ́ọ̀lù báyìí kámẹ́rà ti bá a lọ, iṣẹ́ àwọn ará láìnì sì ti fẹ́ẹ̀ẹ́ parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, tí wọ́n bá wá fẹ́ ṣe replay, ẹni tó gba bọ́ọ̀lù ni wọ́n á tún fi hàn wá. Nínú All-22, wọ́n á fi play kan náà hàn yín láti òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n á tún fi hàn láti òkè lẹ́yìn end zone, ìparí pápá tí wọ́n ti ń gba touchdown. Ti ẹ̀gbẹ́ yẹn wúlò fún ẹni tó ń wo safety àti cornerback, àwọn ará ẹ̀yìn dífẹ́ǹsì. Ti ẹ̀yìn end zone lèmi ń sanwó fún.

Torí kí ni? Láti ẹ̀gbẹ́, àwọn ará láìnì wà lórí ara wọn, ẹ ò ní mọ ta ló ń ti ta. Láti ẹ̀yìn, àlàfo tó wà láàárín wọn á là sílẹ̀ gbayawu. Àwọn blocker, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ quarterback, ló tò síwájú: center ní àárín, guard lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tackle lóde guard. Àlàfo tó wà láàárín center àti guard ni wọ́n ń pè ní A, ti guard àti tackle ni B, òde tackle ni C, dífẹ́ǹsì tó bá sì ti gbàgbé ẹyọ kan nínú wọn, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa gbà kọjá. Ẹ pause ẹ̀ kí wọ́n tó snap, ìyẹn kí center tó ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn kí play bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí ọkùnrin ńlá àárín yẹn dúró sí. Ṣé ó kojú center ní tààràtà ni, àbí ó yà díẹ̀ sí èjìká ẹ̀? Àwọn kóòṣì ń fi nọ́ḿbà pe ibi ìdúró yìí, tààràtà níwájú center ni 0, èjìká center ni 1, èjìká òde guard ni 3, èjìká òde tackle ni 5, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 9 lóde tight end, ẹni tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tackle. Bum Phillips ni wọ́n máa ń sọ pé ó ṣètò nọ́ḿbà yìí, Texas níbí náà ni, òun ló jẹ́ kóòṣì àgbà Houston Oilers láti 1975 dé 1980, 3-4 ló sì ń gbá (ará láìnì mẹ́ta níwájú, linebacker mẹ́rin lẹ́yìn wọn), pẹ̀lú Curley Culp ní àárín. Culp yẹn, gídígbò ló kọ́kọ́ fi gbajúmọ̀ ní yunifásítì, ó gba ipò kìíní NCAA ní 1967. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí kóòṣì ń béèrè bóyá ọmọ yín ti ja gídígbò rí, ìbéèrè gidi ni o, ẹ dá a lóhùn dáadáa. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ara sílẹ̀ ju ẹni tó kojú ẹ̀ lọ, tó mọ bí wọ́n ṣe ń lo ìbàdí, iṣẹ́ ibẹ̀ á tètè yé e.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Oríṣi iṣẹ́ méjì ló wà níwájú dífẹ́ǹsì, ara tó bá ọ̀kan mu lè má bá èkejì mu rárá. Nínú àkọ́kọ́, ará láìnì kan á máa ṣọ́ àlàfo méjì. Tí wọ́n bá ti snap, kò ní sáré lọ síbì kankan, á gbá ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà blocker, á na apá tán bí ẹni tó di ilẹ̀kùn mú kí ẹnikẹ́ni má wọlé, á wo ọ̀tún wo òsì, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá fi ibi tó ń lọ hàn ló máa tó ju blocker yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ó ń fẹ́ ìwọ̀n, ó ń fẹ́ apá gígùn, ó ń fẹ́ itan tó le. Vince Wilfork ni kẹ́ ẹ rántí, New England mú un ní nọ́ḿbà 21 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan àwọn ọmọ tuntun ní 2004, 325 pọ́ùn ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹ̀, Richard Seymour tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 6 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ ò lè fi iye sack (ìgbà tó mú quarterback lulẹ̀) mọ rírì Wilfork láyéláyé. Ó ń gba blocker méjì mọ́ra kí linebacker tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lè ráyè sáré lọ mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, orúkọ linebacker ni wọ́n á sì pè lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn láti kámẹ́rà end zone lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un.

Nínú èkejì, àlàfo ẹyọ kan lo ni, kí o gba inú ẹ̀ kọjá kí blocker tó dìde. Warren Sapp ní Tampa, òun ni àpẹẹrẹ tí gbogbo èèyàn mọ̀, ipò 3 ló ń dúró sí, sack 16.5 ló ní ní 2000, fún ẹni tó ń gbá àárín ìyẹn pọ̀ gan-an. Aaron Donald náà, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 1 péré, nǹkan bíi 285 pọ́ùn nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní 2014, ó sáré 40-yard ní ìṣẹ́jú àáyá 4.68, síbẹ̀ wọ́n mú àwọn 12 ṣáájú ẹ̀ torí àwọn kan ń sọ pé ó kéré. Ó kéré fún iṣẹ́ wo? Tẹ́ ẹ bá ní kó lọ dúró níwájú center kó máa gba méjì mọ́ra ní gbogbo play, òótọ́ ni, ẹ máa fi ẹ̀bùn ẹ̀ ṣòfò. Wọ́n fún un ní àlàfo kan, ó ní sack 20.5 ní 2018. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi níbẹ̀, 3-4 ni wọ́n ń pe dífẹ́ǹsì tó ti ṣe é, Wade Phillips ló sì ń darí ẹ̀, ọmọ Bum Phillips yẹn gan-an. Torí náà nọ́ḿbà 3-4 tàbí 4-3 tí àwọn èèyàn ń gbé ara wọn gbóná lé lórí yẹn ò sọ nǹkan púpọ̀ fún yín. Lóde òní nickel ni wọ́n ń gbá jù lọ, tí wọ́n á mú linebacker kan jáde kí wọ́n lè fi ará ẹ̀yìn kan kún un, ọ̀pọ̀ ìgbà èèyàn mẹ́rin náà ló ń wà níwájú, ohun yòówù kí wọ́n kọ sórí ìwé. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi kóòṣì ni pé àlàfo mélòó lẹ fún ọmọ mi?

Mo ń sọ ọ́ báyìí torí ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ ọdún 16 ni, ó yára, ẹsẹ̀ ẹ̀ fúyẹ́, àmọ́ kò tíì wúwo tó àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Súkúrù tó wà gbé e sí ipò 0, wọ́n ní kó máa ṣọ́ A méjèèjì. Tí wọ́n bá ti snap báyìí ọmọ yẹn á já wọ inú àlàfo kan, nígbà míì á mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lẹ́yìn láìnì, gbogbo wa á pariwo, nígbà míì bọ́ọ̀lù á gba inú àlàfo kejì tó fi sílẹ̀ kọjá, á lọ bíi 20 yard. Kóòṣì bá mú un jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkùnrin yẹn kórìíra ọmọ òun ni. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, èmi àti ọmọ náà jókòó ti áápù yìí lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wá nose tackle, ẹni tó ń kojú center, tó ń ṣọ́ méjì, a ń yí play kan ṣoṣo sẹ́yìn, a ń yí i síwájú. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀, mo ní kó wo ẹsẹ̀ nìkan. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nose tackle yẹn ò ju íńṣì mélòó kan lọ, ẹsẹ̀ kúkurú tí ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, orí ẹ̀ ò sì kúrò ní iwájú center títí bọ́ọ̀lù fi yà. Ó dákẹ́, ó wá ní, “Uncle, èmi ti máa ń wà lẹ́yìn center nígbà yẹn.” Mo ní ìyẹn gan-an ni kóòṣì ń bá ẹ wí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá lọ bi kóòṣì ní ìbéèrè yẹn, ìdáhùn tó fún wọn mọ́gbọ́n dání. Ó ní àwọn linebacker òun kéré, tí blocker bá ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn ó ti tán, torí náà òun nílò ẹni tó máa gbá blocker mọ́ra níwájú wọn. Kóòṣì ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń sọ irú ẹni tó máa wà níwájú, wọn kì í yan ará láìnì lóun nìkan. Ohun tó yẹ kí ọmọ wa náà mọ̀ ni pé irú ara tóun ní yìí, súkúrù tàbí yunifásítì tó ń fún èèyàn ní àlàfo kan ló bá a mu, kó sì máa wo ìyẹn tí àsìkò yíyan yunifásítì bá dé, kó má kàn máa wo orúkọ ńlá àti àwọ̀ aṣọ.

Àwọn ọlọ́lá inú NFL náà ti kàgbákò ọ̀rọ̀ yìí. Washington gbé àdéhùn ọdún 7 tó lè tó mílíọ̀nù 100 dọ́là fún Albert Haynesworth ní 2009, kó tó di 2010 kóòṣì tuntun ti dé, wọ́n yí dífẹ́ǹsì sí 3-4, wọ́n fẹ́ kó wá gbá nose, kò fẹ́ ẹ, ìjà ló dà, wọ́n dá a dúró fún géèmù mẹ́rin tó kẹ́yìn lọ́dún yẹn. Ní Houston níbí, Mario Williams tó jẹ́ defensive end gidi, ìyẹn ará láìnì tó wà lóde, tí wọ́n mú ṣáájú gbogbo ènìyàn ní 2006, Wade Phillips dé ní 2011 ó sọ ọ́ di outside linebacker. Ní tiẹ̀, ó ní sack 5 láàárín géèmù 5 kó tó ṣèṣe. Ẹ rí i pé àyípadà kan náà, 4-3 sí 3-4, ó ba ti ẹnì kan jẹ́, kò ba ti ẹnì kejì jẹ́, torí wọ́n ṣì ń jẹ́ kí Williams máa lọ bá quarterback tààrà, nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ni.

Tí mo bá ti ṣí áápù yẹn, orúkọ wa ni mo kọ́kọ́ máa ń wá, mi ò ní parọ́. Adetomiwa Adebawore, 282 pọ́ùn, tó sáré 40-yard ní 4.49 ní 2023, ẹ ronú nípa ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó ń sáré bẹ́ẹ̀, irú ẹni tí wọ́n dá iṣẹ́ àlàfo kan sílẹ̀ fún nìyẹn, tí Colts wá mú un. Larry Ogunjobi, sack 7 ní Cincinnati ní 2021. Moro Ojomo ló sún mọ́ mi jù, Lagos ni wọ́n bí i sí, Katy níbí ló ti gbá high school, ìpele 7 ni Philadelphia tó mú un ní 2023, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tíì retí nǹkan kan, lónìí ó ti ní òrùka Super Bowl, géèmù àṣekágbá NFL.

Super Bowl LIX yẹn sì ni fíìmù tí mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. February 9, 2025, Philadelphia na Kansas City 40 sí 22, wọ́n mú Patrick Mahomes lulẹ̀ ní ìgbà 6, wọn ò sì blitz rárá, ìyẹn kí wọ́n rán èèyàn tó ju mẹ́rin lọ bá quarterback, kódà ẹyọ kan. Èèyàn mẹ́rin níwájú ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, àwọn méje tó kù dúró sẹ́yìn ń ṣọ́ àwọn tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ máa rí Mahomes tó ń sá kiri. Láti kámẹ́rà end zone, ẹ máa rí ìdí tó fi ń sá. Ẹ wo nọ́ḿbà 98, Jalen Carter, bí guard àti center ṣe ń sáré lọ pa pọ̀ bá a, kẹ́ ẹ wá wo ẹni tó ṣẹ́kù tí ò sẹ́ni tó máa ràn án lọ́wọ́ dojú kọ 93, Milton Williams, tàbí 19, Josh Sweat ní òde. Sweat ní 2.5, Williams ní 2. Nọ́ḿbà 90, Jordan Davis, tó ju 330 pọ́ùn lọ, wọ́n mú un wá torí pé kò sẹ́ni tó lè gbé e kúrò níbi tó bá dúró sí, kẹ́ ẹ ṣọ́ ìgbà tí wọ́n gbé e wọlé àti ìgbà tí wọ́n mú un jáde, kẹ́ ẹ bi ara yín pé kí ló fà á. Vic Fangio tó ṣètò dífẹ́ǹsì yẹn ò wá èèyàn mẹ́rin tó jọra. Williams fúnra ẹ̀, oṣù kan lẹ́yìn náà ló gba àdéhùn mílíọ̀nù 104 dọ́là ní New England.

Ó ní ibi tó kù sí o. Géèmù tó ń lọ lọ́wọ́, ti àdúgbò yín àti ti alẹ́, orí fóònù tàbí tablet nìkan ni wọ́n fi mọ sí, ẹ ò lè gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá parlour, ìyẹn ò dáa tó fún owó tí à ń san, ẹbí tó fẹ́ jókòó wò ó pa pọ̀ ò lè ṣe é. All-22 ò ní ohùn kankan, kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín pé ẹni yìí ni 3, ẹni yìí ni 1, ẹ̀yin lẹ máa fi ojú yín mọ̀ ọ́n. Mo wò ó pé tí wọ́n bá fi ìlà kékeré kan kọ ipò kálukú sórí fíìmù, àwọn òbí tó máa lò ó á pọ̀ ju báyìí lọ. Bákan náà ẹ ò mọ nǹkan tí kóòṣì pè nínú huddle, níbi tí wọ́n ti ń kóra jọ kí play tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ rò pé ó fi àlàfo ẹ̀ sílẹ̀ lè jẹ́ pé wọ́n ní kó yí ipò pẹ̀lú ẹnì kejì ni, torí náà ẹ má tìtorí fíìmù lọ bá kóòṣì ọmọ yín jà. Kámẹ́rà end zone yẹn ga, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àyà blocker kì í hàn dáadáa ní gbogbo ìgbà. Ẹsẹ̀, ìbàdí àti ibi tí orí wà ló ń fi hàn jù, ìyẹn sì tó fún ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí nílé ní Nàìjíríà, NFL+ ò sí fún yín, DAZN ló ń ta NFL Game Pass lóde Amẹ́ríkà láti 2023, kẹ́ ẹ bi wọ́n nípa fíìmù kóòṣì kẹ́ ẹ tó sanwó, torí òun gan-an lẹ ń wá.

Nínú ìràwọ̀ 5, mo fún un ní 4, ọ̀rọ̀ fóònù yẹn ló jẹ ẹyọ kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣọ́ owó ná, ẹ máa san án lóṣooṣù, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní September tí àwọn ọmọ náà bá ti ń gbá ti súkúrù wọn, kẹ́ ẹ wò ó dé February, kẹ́ ẹ cancel ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ló di rìmóòtù mú, kẹ́ ẹ sì mú play mélòó kan péré lẹ́ẹ̀kan, èyí tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sáré gba àárín, torí òun ló ń tètè fi hàn bóyá àlàfo kan ni ẹni yẹn ní àbí méjì.